NIN, BVN àti síìmù: ìbéèrè tí ẹ ń béèrè lemọ́lemọ́ nípa nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti bí ìjọba ṣe ń fi í wá àwọn ọ̀daràn

Kí ni NIN, kí ló sì fi yàtọ̀ sí BVN?

NIN ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-dígíìtì 11 tí NIMC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánimọ̀ aráàlú, máa ń fún ọmọ Nàìjíríà, àti àlejò tó ń gbé ibí lọ́nà tó bófin mu. Òfin ọdún 2007 ló dá àjọ náà sílẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò ojú yín, wọ́n á gba ìtẹ̀ka ọwọ́ yín, wọ́n á sì kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì yín sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni. Bí ẹ bá tún lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, ẹ̀rọ á fi ìka yín wé ti gbogbo èèyàn tó ti wà nílẹ̀, á sì rí i pé ẹ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti bánkì ni BVN. CBN, bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti àwọn bánkì gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2014, NIBSS, iléeṣẹ́ tó so ètò ìsanwó àwọn bánkì pọ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun náà ní dígíìtì 11, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fi ọ̀kan pe èkejì. BVN ló so gbogbo àkántì tí ẹ ní, ní bánkì yòówù kó jẹ́, mọ́ ara wọn.

Ṣé dandan ni kí n ní NIN?

Dandan ni. Abala 27 nínú òfin NIMC ka àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè NIN fún: pásípọ́ọ̀tì, ṣíṣí àkántì ní bánkì, ríra ilẹ̀ àti títà á, owó orí, pẹ́ńṣàn, ètò ìlera, àtàwọn mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló ń tẹ̀lé e délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí pásípọ́ọ̀tì gbà láìsí i, síìmù yín náà ò sì ní ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ti lé ní 120 mílíọ̀nù.

Èló ni wọ́n ń gbà?

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú nǹkan wá kí òun tó ya yín, ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni.

Àtúnṣe ló ní owó. Láti ọdún 2025, àtúnṣe ọjọ́ ìbí nìkan di 28,574 náírà. Lójú tiwa, owó yìí ti pọ̀ jù, ó sì ń pa ètò náà fúnra rẹ̀ lára. Ẹni tí kò lágbára àtiṣe àtúnṣe á fi ọjọ́ ìbí kan sílẹ̀ nínú NIN, òmíràn nínú BVN, òmíràn nínú pásípọ́ọ̀tì. Nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye olóòótọ́ bá ní àkọsílẹ̀ tí kò bára mu, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe dá ayédèrú mọ̀ láàárín wọn?

Kí ló kan síìmù mi nínú ọ̀rọ̀ NIN?

Ọdún 2011 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé ìforúkọsílẹ̀ síìmù. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, NCC bu owó ìtanràn 1.04 tírílíọ̀nù náírà lé MTN lórí nítorí láìnì 5.2 mílíọ̀nù tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tó péye tí wọn kò sì yọ kúrò. Lẹ́yìn àròyé gígùn, ó já sí 330 bílíọ̀nù lọ́dún 2016.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba wá ní kí gbogbo láìnì ní NIN lẹ́yìn. Ẹ rántí bí ọjọ́ gbèdéke ṣe ń yẹ̀ síwájú léraléra, tí èrò sì ń tò sọ́fíìsì NIMC láti ìdájí nígbà tí kòrónà ṣì wà níta. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí láìnì tó lé ní 70 mílíọ̀nù lọ́wọ́ àtipe èèyàn. Wọ́n parí ìyókù ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí nọ́ńbà kankan má ṣe wà tí kò ní ojú àti ìka èèyàn kan lẹ́yìn rẹ̀.

Bí gbogbo síìmù bá ti ní NIN, èéṣe tí àwọn ajínigbé ṣì ń fi fóònù béèrè owó?

Kò sí ìbéèrè tó ń wá tó èyí, ó sì yẹ kó máa bí èèyàn nínú. Lákọ̀ọ́kọ́, síìmù tí ajínigbé fi ń pè kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Fóònù ẹni tí wọ́n jí gbé ni wọ́n sábà fi ń pe ará ilé. Bí ọlọ́pàá bá wo orúkọ tó wà lórí láìnì náà, orúkọ ẹni tí à ń wá ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Èkejì ni síìmù tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó. Abẹ́ agbòòrùn ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí tábìlì ẹni tó ń ta síìmù. Ìyá àgbà kan wá gba láìnì tó sọ nù padà. Ọmọ tó ń ta síìmù ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ. Ó ní kò mú un. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ nu ọwọ́, kí wọ́n tún fi lé e. Kò tún mú un. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ti àkọ́kọ́ ti mú un. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, síìmù mìíràn ló fi ń ṣí lórúkọ Màmá, òun ni yóò sì tà lówó gọbọi fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun. NCC ti ní kí NIN kan má ṣe ní ju láìnì mẹ́rin lọ, ìyẹn sì dín in kù. Ṣùgbọ́n láìnì kan ṣoṣo ni Màmá ní, àyè mẹ́ta ṣì ṣí sílẹ̀ lórúkọ wọn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀, àwọn tó yẹ kó lò ó kì í lò ó lásìkò. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìjínigbé ní Bwari, l'Ábújá, gbé gbogbo ìlú gbọ̀n, Isa Pantami, tó jẹ́ mínísítà nígbà tí wọ́n gbé ètò NIN àti síìmù kalẹ̀, sọ pé ètò náà ṣiṣẹ́, pé àwọn tó yẹ kó fi gbógun ti ọ̀daràn ni kò lò ó. Ẹ lè bá a jiyàn lórí apá àkọ́kọ́. Lórí apá kejì, ẹ bi ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti jí ọmọ rẹ̀ gbé rí.

Báwo ni àwọn àjọ ìjọba ṣe ń pín àkọsílẹ̀ láàárín ara wọn?

Ọ̀nà méjì ni. Èyí àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò: bánkì fi NIN àti orúkọ yín ránṣẹ́, NIMC dá a lóhùn pé ó bára mu tàbí kò bára mu. Kò yẹ kí bánkì rí ju ohun tó nílò lọ. Èkejì ni kí àjọ kan gba odindi fáìlì lọ́wọ́ èkejì: fọ́tò, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí. Ìyẹn ni ti àwọn agbófinró nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe yẹ kó lọ. Nọ́ńbà kan pe ará ilé fún owó ìtúsílẹ̀. Iléeṣẹ́ fóònù sọ NIN tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù tí wọ́n fi síìmù náà sí, àti òpó iléeṣẹ́ fóònù tí ìpè náà gbà. NIMC mú fọ́tò àti àdírẹ́sì wá. NIBSS sọ àkántì tó wà lábẹ́ BVN ẹni náà. Ìmígíréṣọ̀n sọ bó bá ti jáde nílùú. Nọ́ńbà ẹ̀rọ fóònù fúnra rẹ̀ wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, torí ọ̀daràn máa ń jù síìmù nù, ṣùgbọ́n fóònù olówó ńlá máa ń dùn ún láti jù.

Bí ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá gba lẹ́tà, lẹ́tà gba òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ gba ọ̀gá tí kò sí lórí ìjókòó, àwọn ajínigbé á ti gbowó, wọ́n á ti pín in, kí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó dé. Àìsí NIN kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Òpó inú igbó náà tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀: láàárín ìlú, ó lè fi àdúgbò kan hàn yín, ṣùgbọ́n nínú igbó, ilẹ̀ tí òpó kan ṣoṣo ń bójú tó lè fẹ̀ ju ohun tí ọlọ́pàá ogún lè yẹ̀ wò lọ.

Ti owó ńkọ́? Ta ló ń ṣọ́ ọ?

NFIU ni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí ìrìn owó, tó dá dúró kúrò lábẹ́ EFCC nípasẹ̀ òfin ọdún 2018. Lábẹ́ òfin ọdún 2022 lórí fífọ owó ìdọ̀tí mọ́, bánkì gbọ́dọ̀ ròyìn fún wọn bí owó tó kọjá 5 mílíọ̀nù náírà bá gba ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí 10 mílíọ̀nù fún iléeṣẹ́. Ìròyìn yìí kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ tí owó rẹ̀ wọlé, wọ́n á ròyìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wá mú yín torí ìyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, FATF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi ojú ṣọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tó yọ wá. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún aráàlú ni pé ní gbogbo àsìkò náà, àwọn bánkì òkè òkun ń yẹ owó tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yá òun ní àkántì mi kí owó kan lè gbà á wọlé. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ó wà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Yahoo àti àwọn ajínigbé ṣe ń gbé owó kúrò níbi tí ojú wà. Orúkọ yín ló máa jáde, kì í ṣe tiwọn. Bí bánkì bá fura, BVN yín lè wọ inú ìwé àwọn tí CBN ní kí gbogbo bánkì ṣọ́ra fún, torí pé ó sì jẹ́ BVN, kò sí bánkì tí ẹ lè sá lọ. Ẹni tó fún yín ní 20,000 fún wàhálà yín kò ní bá yín dé EFCC.

Àwọn kan ní kí n fi NIN mi àti fọ́tò ojú mi sílẹ̀, àwọn á fún mi lówó. Ṣé kí n gbà?

Rárá. NIMC pàápàá ti kìlọ̀ lórí rẹ̀. Àkántì orí fóònù àti síìmù ni wọ́n fi ń ṣí lórúkọ yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣẹ́jú, kí ẹ yí ojú sọ́tùn-ún sósì níwájú kámẹ́rà, ẹ ti bá wọn fi ọwọ́ sí nǹkan.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ta NIN wa ní 100 náírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative fi hàn pé ojúlé kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta NIN àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn ní 100 náírà ẹyọ kan. Wọ́n ra ti mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá, Bosun Tijani, láti fi jẹ́ ẹ̀rí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti jáde lórí ojúlé mìíràn, XpressVerify. NIMC sọ pé kò sẹ́ni tó já wọ ibi ìpamọ́ àwọn.

Ó lè jẹ́ òótọ́ pé kò sẹ́ni tó já wọlé. Kò pọn dandan kí olè fọ́ ògiri nígbà tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ bá ń ta ohun tó wà nínú ilé. Iléeṣẹ́ tí wọ́n fún láyè láti ṣe àyẹ̀wò ń pọ̀ sí i, àwọn náà ń fún àwọn mìíràn láyè, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ọwọ́ ẹni tí NIMC kò mọ̀ rí. Níbi tí pínpín àkọsílẹ̀ ti ń ran ọ̀daràn lọ́wọ́ dípò kó mú un nìyẹn, ó sì yẹ kí ìjọba gbájú mọ́ ọn ju ìforúkọsílẹ̀ tuntun lọ.

Kí ni mo lè fún wọn dípò NIN mi gan-an?

vNIN wà. Ohun kíkọ 16 ni, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹ sì lè ṣe é lórí fóònù yín. Iléeṣẹ́ tí ẹ ṣe é fún nìkan ló lè lò ó, á sì kú lẹ́yìn wákàtí 72. Áàpù NINAuth náà wà, ó ń jẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó rí àkọsílẹ̀ yín. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń sọ pé fọ́tòkọ́pì ìwé NIN làwọn fẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ fún wọn fún sórí fọ́tòkọ́pì náà, kọjá lójú ìwé, kí ẹlòmíràn má baà tún un lò.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí síìmù tí n kò mọ̀ bá wà lórúkọ mi?

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí ẹ kò lo láìnì rẹ̀ rí. Ẹ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ NIN yín fún yín. Èyí tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n yọ ọ́. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju yíyọ náà lọ.

Mo wà lókè òkun. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ẹ ó nílò NIN kí ẹ tó tún pásípọ́ọ̀tì ṣe, àwọn ibi ìforúkọsílẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, ẹ lè gba BVN láìwá sílé. Ẹ ṣáà rí i pé orúkọ bára mu, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ.

Bí ọ̀daràn bá sọdá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Benin, ṣé NIN wúlò mọ́?

Tààrà, rárá. Benin ní àjọ tirẹ̀, ANIP, àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè pa nítorí ẹgbẹ́ Hamani Tidjani, tó ń jí mọ́tò ní Nàìjíríà kó wọn lọ sí Benin. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi mú Tidjani ní Mali, tí wọ́n sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Odindi ẹnubodè ni wọ́n tì kí àjọ ọlọ́pàá méjì tó bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán.

Lónìí, INTERPOL ní àkọsílẹ̀ àwọn pásípọ́ọ̀tì tó sọ nù tàbí tí wọ́n jí, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì lè wò. WAPIS náà wà, ètò tí INTERPOL ń bá ECOWAS ṣe, tí owó rẹ̀ ń wá láti Yúróòpù, kí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè kúrò nínú ìwé ńlá tí eku ń jẹ, kí wọ́n sì lè máa pín in. Benin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìpàǹpá láàárín Ìdírókò àti Sẹ̀mẹ̀ pọ̀, ẹni tó bá gba orí ọ̀kadà kọjá kò ní fi ìka rẹ̀ lé ẹ̀rọ kankan.

Ṣé ọlọ́pàá lè kàn wo àkọsílẹ̀ mi bó bá ṣe wù wọ́n?

Kò yẹ. Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 dáàbò bo àṣírí ilé yín, lẹ́tà yín àti ọ̀rọ̀ orí fóònù yín. Òfin NIMC ní kí ẹnikẹ́ni má wo àkọsílẹ̀ láìgba àṣẹ àjọ náà, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ààbò ìlú àti ìdènà ìwà ọ̀daràn, ilẹ̀kùn náà sì fẹ̀. Ti títẹ́tí sí ìpè yín ló le jù: ìlànà NCC ti ọdún 2019 ní kí wọ́n gba àṣẹ adájọ́, àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ta ló ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ wa?

NDPC ni, àjọ tó ń rí sí ààbò àkọsílẹ̀ aráàlú, lábẹ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí iléeṣẹ́ kan kọ sílẹ̀ nípa yín, láti ní kí wọ́n tún un ṣe, àti láti fẹjọ́ sùn. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa yín lára, iléeṣẹ́ náà ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ náà. Owó ìtanràn fún iléeṣẹ́ ńlá lè tó 10 mílíọ̀nù náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Ní Estonia, níbi tí àwọn àjọ ìjọba ti ń gba orí ètò X-Road pín àkọsílẹ̀ láti ọdún 2001, aráàlú lè wọlé lọ wo àjọ tó ṣí fáìlì rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá yọjú wo ti ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ mọ̀ pé ó máa hàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ká fara mọ́ pínpín àkọsílẹ̀ síi ní Nàìjíríà, irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi lé wa lọ́wọ́, kí ó sì kan àwọn agbófinró náà, kì í ṣe bánkì nìkan.

Ọlọ́pàá pè mí pé nọ́ńbà tó wà lórúkọ mi ni wọ́n fi dá ọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sá, ẹ má sì dá lọ. Ẹ mú lọ́yà dání. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n forúkọ láìnì náà sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ṣe é, torí iléeṣẹ́ fóònù ní in lákọsílẹ̀. Bí síìmù yín bá ti sọ nù rí, ẹ mú ìwé tí ẹ fi sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá wá.

Ó tún lè jẹ́ nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ti lò rí. Láìnì tí wọn kò bá lò fún ọjọ́ 180, iléeṣẹ́ lè dá a dúró, kí ó sì wá tà á fún ẹlòmíràn tó bá yá. Lọ́dún 2019, DSS ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbé Àsàbà mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nítorí ó ra láìnì tí ọmọ ààrẹ ìgbà náà ti lò tẹ́lẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àsàbà sì ní kí wọ́n san 10 mílíọ̀nù náírà fún un lọ́dún 2020. Rìsíìtì síìmù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ tọ́jú tiyín.